Alùpùpù Oníbátìrì Ti Dé: Ta Ni Yóò Jẹ Èrè Rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn ọba, àwọn olóyè àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́

   

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí alùpùpù tí kì í mu esáǹsì, èyí tí ó ń fi bátìrì rìn. Àwọn kan nínú wa ti rí i ní Kútọnu. Àwọn kan ti gùn ún ní Lomé. Àwọn mìíràn ṣì ń rò pé nǹkan ìṣeré àwọn òyìnbó ni. Kì í ṣe ìṣeré. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ wò lónìí kì í ṣe bóyá moto yìí dára tàbí kò dára. Ohun tí mo fẹ́ kí a wò ni pé nígbà tí ó bá dé ọjà wa, ta ni owó tí ó bá mú wá yóò máa bọ́ sí lọ́wọ́?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Moto tí a mọ̀, iná ló ń jó nínú rẹ̀. Ó ń jó esáǹsì, iná náà ń ti irin, irin ń yí ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ra esáǹsì 100 fráǹkì, kò tó 30 fráǹkì nínú rẹ̀ tí ó di ìrìn. Ìyókù ti di ooru àti èéfín. Ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi lè fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì nígbà tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀. Moto oníbátìrì kò ní nǹkan tó ń jó. Kúráǹ ló ń yí ẹsẹ̀ rẹ̀ tààrà, àti pé nínú kúráǹ 100 fráǹkì tó wà nínú bátìrì, ohun tó lé ní 80 fráǹkì ló ń di ìrìn. Kò ní òróró ẹ́ńjìnnì tí a ń pààrọ̀, kò ní búgì, kò ní kábúrétọ̀, kò ní ẹ́sọ́ọ̀sì tó ń pariwo.

Bátìrì ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà. Bátìrì olójé tó wà nínú ọkọ̀ ti pẹ́ láyé, ọdún 1859 ni ará Faransé kan, Gaston Planté, ti ṣe é. Ó wúwo jù, kò sì gba kúráǹ púpọ̀. Èyí tó yí ayé padà ni bátìrì lítíọ̀mù, tí ilé-iṣẹ́ Sony ní Japan kọ́kọ́ gbé sọ́jà ní ọdún 1991. Òun ló wà nínú tẹlifóònù tí ẹ kó sápò yẹn. Àwọn ọ̀mọ̀wé mẹ́ta tí iṣẹ́ wọn bí i gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2019. Láàárín ọdún 2010 àti 2023, owó bátìrì yìí já, ó ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún lọ tó fi já. Nítorí náà ni nǹkan tí ó jẹ́ ti olówó lánàá ṣe di ohun tí zẹ́míjàn lè máa fi jẹun lónìí. Ní Ṣáínà nìkan, kẹ̀kẹ́ àti alùpùpù oníná tó wà lójú ọ̀nà lé ní 200 mílíọ̀nù.

Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Ní ọdún 2022, ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ M Auto nígbà yẹn, tí ó ti yí orúkọ padà sí Spiro, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Benin àti ní Tógò. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é ni pé zẹ́míjàn kì í dúró gba kúráǹ sínú moto. Bí bátìrì rẹ̀ bá ń tán, ó lọ sí ibùdó, ó fi èyí tó ti tán sílẹ̀, ó gba èyí tó kún, ó san owó, ó lọ. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ní Rwanda, ìjọba sọ pé láti oṣù Ṣẹẹrẹ 2025, wọn kò ní fi orúkọ moto akérò tuntun tó ń mu esáǹsì sílẹ̀ mọ́ ní Kigali, àfi ti oníbátìrì. Ethiopia ní tirẹ̀ ti dá gbígbé mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ tó ń mu esáǹsì wọ ìlú dúró láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. Ẹ rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan mọ́. Dúdú bíi tiwa ló ń ṣe é.

Ẹnìkan lè sọ pé, "Bàbá, kpayo ṣì ń bẹ." Bẹ́ẹ̀ ni, kpayo ń bẹ. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ kpayo láìfi bo ara wa lójú, torí ọmọ wa ló ń tà á, ọmọ wa ló ń gbé e kọjá ibodè. Láti Ìlárá, láti Ìgólò, láti Sẹ̀mẹ̀, ilé tí a kọ́, ọmọ tí a rán lọ síléèwé, ìyàwó tí a gbé, kpayo wà nínú owó rẹ̀. N kò wá síbí láti bú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ìparí oṣù Èbìbí ọdún 2023. Lọ́jọ́ tí ààrẹ tuntun ní Nàìjíríà gba ìbúra, ó ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, lítà kan tí ó jẹ́ nǹkan bí 190 náírà di nǹkan bí 500 náírà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n sọ ní Abuja, zẹ́míjàn ní Kétu jí lọ́jọ́ kejì, ó bá owó kpayo lókè. Ta ló bi wá léèrè? Kò sẹ́ni. Ẹni tó gbé oúnjẹ rẹ̀ lé ọwọ́ aládùúgbò, ìgbà tó bá wu aládùúgbò ló máa jẹun.

Ẹ sì rántí ọjọ́ 23 oṣù Ọwẹ́wẹ̀ ọdún 2023 ní Sẹ̀mẹ̀, nítòsí ibodè. Iná sọ níbi tí wọ́n kó esáǹsì jọ sí. Ènìyàn tó lé ní 30 ló kú lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún wọn. Nínú ilé wa, ìgò àti bìdọ́ọ̀nù ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ọmọ ń sùn. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kpayo ni ààbò wa.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò báyìí, torí owó ni zẹ́míjàn mọ̀, owó náà ló yẹ ká fi bá a sọ̀rọ̀. N óò mú iye kan wá, kí ẹ fi iye tí ẹ ń rà ní ìlú yín rọ́pò rẹ̀. Moto kékeré tó ń mu esáǹsì, tó bá rin 60 kìlómítà, á mu nǹkan bíi lítà kan àbọ̀. Bí lítà kan bá jẹ́ 600 fráǹkì, 900 fráǹkì nìyẹn. Moto oníbátìrì tó bá rin 60 kìlómítà kan náà, á jẹ kúráǹ tó tó kìlówáàtì wákàtí méjì. Bí ọ̀kan bá jẹ́ 130 fráǹkì lórí míta ilé yín, tí a sì fi èyí tó ń ṣòfò nígbà tí bátìrì bá ń gba kúráǹ kún un, kò ju 300 fráǹkì lọ. 900, 300. Ó ku 600 fráǹkì láàárín.

Ẹ̀yin èèyàn mi, inú 600 fráǹkì yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi wà lónìí.

Ẹni tó bá ni bátìrì tirẹ̀, tó sì ń fi míta ilé rẹ̀ gba kúráǹ, òun ló ń jẹ 600 yẹn, lẹ́yìn tó bá ti yọ owó bátìrì. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lọ pààrọ̀ bátìrì ní ibùdó, kì í ṣe owó míta ló ń san. Iye tí oníbùdó bá dá lé e ló ń san. Oníbùdó lè gba 500, ó lè gba 800. Mi ò sọ pé ìwà ìkà ni. Ó kọ́ ibùdó, ó ra bátìrì, bátìrì sì wọ́n. Ó yẹ kó jèrè. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ òun nìkan ló wà nílùú, tí kò sí ibòmíràn tí bátìrì yẹn lè bá moto yẹn mu, kí ni yóò dí i lọ́wọ́ láti gbé owó náà sókè? A kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ń ta kpayo, a tún bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ó kéré tán, àwọn tó ń ta kpayo pọ̀. Bí ìyá tó wà ní ìkóríta bá gbówó lé e, a lè rìn lọ sọ́dọ̀ èkejì.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ìwé àdéhùn ló kàn, èyí tí a ń pè ní kọ̀ntíràà. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa kò lówó láti ra moto lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n á gbà á, wọ́n á máa san díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Kì í ṣe ohun tuntun, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é pẹ̀lú moto esáǹsì náà. Ṣùgbọ́n moto tuntun yìí ní ohun tí ti àtijọ́ kò ní. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ẹ̀rọ kékeré kan nínú, tí ẹni tó ni ín fi ń mọ ibi tí ó wà, tí ó sì lè fi pa á láti ọ̀nà jíjìn. Olówó moto àtijọ́, bí o bá jẹ ẹ́ ní gbèsè, ó ní láti wá ọ wá sílé. Ẹ ó jókòó, bàbá àdúgbò á dá sí i, wọ́n á bẹ̀ ẹ́, á fún ọ ní ọ̀sẹ̀ kan. Èyí kò ní wá sílé ẹnikẹ́ni. Ó wà nínú ọ́fíìsì rẹ̀, ó tẹ nǹkan, moto kú sílẹ̀. Ta ni a fẹ́ rán lọ bẹ ẹ̀rọ?

Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé kí ọmọ kankan nínú wa tó fọwọ́ sí ìwé, kí ó béèrè ìbéèrè mẹ́fà yìí, kí wọ́n sì dá a lóhùn ní èdè tó gbọ́:

Èkíní: Ta ni ó ni moto, ta ni ó sì ni bátìrì? Wọn lè máà jẹ́ ọ̀kan náà o.

Èkejì: Èló ni mo ń san lójúmọ́, ọjọ́ mélòó ni, àti pé lọ́jọ́ tí mo bá san tán, ṣé moto á di tèmi pátápátá?

Ẹ̀kẹta: Bí mo bá ṣàìsàn ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí tí bàbá mi kú tí mo lọ sìnkú, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí owó tí mo ti san sẹ́yìn?

Ẹ̀kẹrin: Ṣé ẹ lè pa moto náà láti ibi tí ẹ wà? Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó? Ṣé ẹ ó kọ́kọ́ pè mí? Bí mo bá gbé aboyún lọ sí ilé ìwòsàn lóru ńkọ́?

Ẹ̀karùn-ún: Bátìrì máa ń rẹ̀, bí ọdún bá ti ń gorí ọdún. Bí kò bá lè rin ibi tó ń rìn tẹ́lẹ̀ mọ́, ta ló ń pààrọ̀ rẹ̀, owó ta sì ni?

Ẹ̀kẹfà: Bí ilé-iṣẹ́ yín bá kó kúrò nílùú yìí, níbo ni mo ti máa rí bátìrì?

Ẹni tí kò bá lè dáhùn ìbéèrè mẹ́fà yìí kò tíì ṣe tán láti bá ọmọ wa ṣòwò.

Ẹ ó tún bi mí pé, kúráǹ dà? Iná tó ń lọ tó ń bọ̀, ṣé òun la fẹ́ fi wa moto? Ìbéèrè gidi ni. Èsì rẹ̀ ni pé bátìrì kò bìkítà ìgbà tí kúráǹ dé. Bí iná bá wà fún wákàtí mẹ́rin lóru, ó gba tirẹ̀, ó dúró. Àti pé oòrùn tó ń pa wá lórí yìí ti ń di kúráǹ lórí ilẹ̀ tiwa gan-an. Ní Illoulofin, ní kọ́múnù Pọbẹ̀, wọ́n ṣí ibùdó sólà mẹ́gáwáàtì 25 ní ọdún 2022. Ní Tógò, wọ́n ṣí ti Blitta, mẹ́gáwáàtì 50, ní ọdún 2021. Omi odò Mónò ní Nangbeto ti ń fún orílẹ̀-èdè méjèèjì ní kúráǹ láti ọdún 1987. Oòrùn ti Pọbẹ̀, ilẹ̀ ti Pọbẹ̀. Ǹjẹ́ ó dára kí ó jẹ́ Kútọnu nìkan ni moto tó ń jẹ ẹ́ yóò máa sáré sí, nígbà tí àwa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣì ń gbé bìdọ́ọ̀nù lórí? Àwọn oníṣòwò, ibi tí èrò pọ̀ sí ni wọ́n ń kọ́kọ́ lọ. Bí a kò bá ké sí wọn, tí a kò sì sọ irú ọ̀nà tí a fẹ́ kí wọ́n gbà wá, ìgbà tó bá wù wọ́n ni wọ́n máa dé, wọ́n á sì wá pẹ̀lú òfin tiwọn.

N kò ní fi ewu rẹ̀ pamọ́ fún yín. Bátìrì lítíọ̀mù tí kò dára, tàbí tí a lù, tàbí tí wọ́n fi ṣájà tí kì í ṣe tirẹ̀ fún ní kúráǹ, lè gbiná, iná rẹ̀ sì le láti pa. Ní Nanjing ní Ṣáínà, ní oṣù Èrèlé 2024, iná bẹ̀rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ilé gíga kan níbi tí wọ́n ń gbé kẹ̀kẹ́ oníná sí. Ènìyàn 15 ló kú. Nítorí náà, a kì í gbé e sínú yàrá tí ọmọ ń sùn, a kì í fi dí ẹnu ọ̀nà. Èyí tó jẹ́ olójé, tí wọ́n ń fi sínú àwọn kẹ̀kẹ́ olówó pọ́ọ́kú, ní ewu tirẹ̀. Ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dakar, láàárín ìparí 2007 àti ìbẹ̀rẹ̀ 2008, ọmọdé tí kò dín ní 18 kú nítorí òjé. Àwọn èèyàn àdúgbò ń fọ́ bátìrì àlòkù láti ta òjé inú rẹ̀, eruku rẹ̀ sì kún ilẹ̀ tí àwọn ọmọ ń ṣeré lórí rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ́ òjé bátìrì nínú àgbàlá yín, ì báà jẹ́ èló ni wọ́n fẹ́ san.

Àwọn mẹkaníìkì wa ńkọ́? Moto tí kò ní búgì, tí kò ní kábúrétọ̀, iṣẹ́ ọwọ́ wọn á dín kù. Táyà, bíréèkì, ṣéènì àti ìrólù ṣì máa wà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ jẹun níbẹ̀ lẹ́yìn ọ̀la gbọ́dọ̀ mọ wáyà, kó mọ bí a ti ń fi ẹ̀rọ wọn kúráǹ, kó mọ inú bátìrì. Àwọn tó ń tún tẹlifóònù ṣe lọ́jà ti mọ ìdajì rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn méjèèjì jọ jókòó. Àti ẹ̀yin tó ń ta kpayo, ìkóríta tí ẹ wà yẹn, ibẹ̀ gan-an ni zẹ́míjàn ti mọ̀ pé a ti ń ra agbára ìrìn. Ibùdó bátìrì kò ní ibi tó dára jù ú lọ. Ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá lé yín kúrò kí ẹ tó béèrè ohun tí a lè máa tà níbẹ̀.

Nítorí náà, ohun mẹ́rin ni mo ń bẹ ìpàdé yìí fún.

Ẹ̀yin ọba àti baálẹ̀, ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n máa kọ́kọ́ wá láti béèrè ilẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ta á. Ẹ yá wọn, kí iye ọdún rẹ̀ wà nínú ìwé, kí ó wà nínú ìwé náà pé ọmọ ìlú ni wọ́n máa gbà síṣẹ́, àti pé ilé-iṣẹ́ mìíràn lè wá kọ́ tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹ má fún ẹyọ ẹnìkan ní gbogbo ìlú.

Ẹ̀yin aláṣẹ ẹgbẹ́, ẹ yan èèyàn mẹ́ta tó gbọ́ Faransé àti Yorùbá dáadáa, kí wọ́n máa ka kọ̀ntíràà fún àwọn ọ̀dọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ọmọ wa tó kàwé òfin pọ̀. Ẹ jẹ́ ká jẹ àǹfààní wọn.

Ẹ̀yin zẹ́míjàn, ẹ ti mọ bí a ṣe ń dá tọ́ńtìn. Dípò kí olúkúlùkù dá lọ fọwọ́ sí ìwé, ẹ kó ara yín jọ ní mẹ́wàá mẹ́wàá, kí ẹ ra bátìrì díẹ̀ tó jẹ́ tiyín, kí ẹ gbé sólà kan sí ibi ìdúró yín. Á pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n 600 fráǹkì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan á bọ́ sápò yín. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ẹ̀kẹrin, kí a kọ ìwé sí mérì kọ̀ọ̀kan ní ìlú wa, kí a ní kí ó fi ibùdó tí a ti lè gba kúráǹ sí ẹ̀gbẹ́ ọjà ńlá nínú ètò rẹ̀, kí ó sì rán mẹkaníìkì méjì méjì láti ìlú kọ̀ọ̀kan lọ kọ́ṣẹ́. Àkókò ìbò máa ń dé. Nígbà tí wọ́n bá wá béèrè ìbò wa, ẹ jẹ́ ká gbé ìwé yìí sí iwájú wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Nígbà tí moto esáǹsì dé, òmíràn ló ń ṣe é, òmíràn ló ń ta epo rẹ̀, àwa kàn ń gùn ún ni. Èyí ṣì ń wọlé bọ̀. A ṣì lè yan ibi tí a fẹ́ jókòó sí. Bí a bá jẹ́ ẹlẹ́ṣin lásán lẹ́ẹ̀kejì, kí a má sọ pé ẹnikẹ́ni ló fi ṣe wá.

 Ìlú wa á tòrò, ọ̀nà wa á là, ọmọ wa tó jáde láàárọ̀ á padà wálé láyọ̀. Àṣẹ.